Nánò kì í ṣe orúkọ oògùn o

Ẹ̀yin olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Àtìgbà tí bàbá mi ti máa ń rán mi lọ ra ìwé ìròyìn yìí ní gáréèjì ni mo ti ń kà á, mi ò sì kọ̀wé sí yín rí, àmọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ta oògùn tí wọ́n ń pè ní nánò yìí ká mi lára débi pé oorun ò kùn mí mọ́, mo ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí ara lè fúyẹ́ díẹ̀.

Ọdún 3 sẹ́yìn ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ gẹ̀gẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Gẹ̀gẹ̀ yẹn ti pẹ́ lọ́rùn wọn, ó ti tó odidi ọsàn kan kí wọ́n tó gbà pé àwọn á lọ, ìborùn ni wọ́n fi máa ń bò ó tí wọ́n bá ń jáde. Iṣẹ́ abẹ yẹn lọ dáadáa, ohùn wọn ò yí padà, ojú ọgbẹ́ jinná, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ọjọ́ kejì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ó ń ṣe àwọn bíi pé èèrà ń rìn lẹ́tè àwọn àti lórí ìka. Nígbà tá a wá délé, ọjọ́ kan báyìí wọ́n jókòó sẹ́nu ọ̀nà kíṣìnnì, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà nínú atẹ, mo kàn rí i tí ọwọ́ ọ̀tún wọn ká, àtàǹpàkò wọlé sínú àtẹ́lẹwọ́, àwọn ìka tó kù nà lé e lórí, wọ́n le bí igi, atẹ bọ́, ẹ̀wà fọ́n sílẹ̀, wọ́n wá jókòó síbẹ̀ tí wọ́n ń wo ọwọ́ ara wọn bí ẹni tó ń wo ọwọ́ ẹlòmíì. Ìṣẹ́jú mélòó kan péré ni, lójú tèmi ó pẹ́ ju wákàtí lọ.

Dókítà ló wá là á yé wa. Ó ní lẹ́yìn ẹran ọrùn tó máa ń wú di gẹ̀gẹ̀ yẹn, àwọn nǹkan kéékèèké 4 kan wà níbẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan wọn ò ju hóró ìrẹsì lọ, parathyroid ni wọ́n ń pè é, àwọn ló ń ṣọ́ calcium inú ẹ̀jẹ̀, ìyẹn èròjà tí egungun àti iṣan ń lò. Àwọ̀ wọn jọ ti ọ̀rá. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá bo ojú ibi tí wọ́n ti ń gé nǹkan, ó ṣòro fún ojú èèyàn láti mọ èyí tó jẹ́ ọ̀rá lásán yàtọ̀ sí èyí tí ara ò lè ṣe láìsí. Tí wọ́n bá bá gẹ̀gẹ̀ jáde, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ò bá dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́, calcium á já wálẹ̀, iṣan á bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Mi ò dá dókítà lẹ́bi o, ibi gbogbo láyé tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ abẹ ọrùn ni irú ẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀. Àtìgbà yẹn, ojoojúmọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi ń lo calcium.

Oṣù tó kọjá ni ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wọn mú obìnrin kan wá sílé, ó ń ta òróró nínú ìgò kékeré, wọ́n kọ C60 sí i lára, wọ́n kọ nánò sí i, ₦38,000 ni ìgò kan. Ó ní á wọ inú sẹ́ẹ̀lì lọ, á tún gbogbo ohun tó bàjẹ́ ṣe, hóró 4 yẹn á hù padà. Ó wá ní kí wọ́n dá calcium dúró kí méjèèjì má bàa bá ara wọn jà. Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ sí i lẹ́nu, àbí ta ni ò ní fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ oògùn téèyàn á máa lò títí ọjọ́ ikú. Ọjọ́ kẹrin, ọwọ́ ká, ẹsẹ̀ ká, ọ̀fun fẹ́ dí, wọ́n ń fà mí láṣọ wọn ò lè sọ̀rọ̀, orí ọ̀kadà la gbé wọn lé lóru ọjọ́ yẹn, èmi lẹ́yìn mo dì wọ́n mú, títí a fi dé ọsibítù tí wọ́n fa calcium sí wọn lára.

Mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísìrì ní sẹ́kọ́ńdírì fún ọdún 19 báyìí, ohun tó sì ń dùn mí jù ni pé C60, ìyẹn ẹyọ kábọ̀nù kan tó kéré gan-an, kì í ṣe irọ́. Nǹkan gidi ni, àwọn èèyàn gba ẹ̀bùn Nobel lórí ẹ̀, àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ṣì ń ṣe wàhálà lé e lórí títí dòní. Àwọn tó ń ta òróró kàn jí orúkọ yẹn lò ni. Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin olóòtú, mo ti rí ìpolówó tó jọ ọ́ nínú ìwé ìròyìn tiyín náà, ojú ewé tó kángun sẹ́yìn, "oògùn nánò fún ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, jẹjẹrẹ", nọ́ńbà fóònù wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Ìdí tí mo fi kọ̀wé nìyẹn.

Nánò yìí, ìwọ̀n ni o. Tí ẹ bá pín mítà kan sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan, ẹyọ kan níbẹ̀ ni nánòmítà. Fọ́nrán irun orí kan nípọn tó bíi nánòmítà 80,000 sí 100,000, sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa kan fẹ̀ tó bíi 7,000. Ẹni tó bá wá ní oògùn nánò lòun ń tà, bí ẹni tó ní oògùn sẹ̀ńtímítà lòun ń tà ló rí, kò tíì sọ nǹkan kan fún yín.

Kábọ̀nù wá ńkọ́? Èédú tá a fi ń yan àgbàdo, dúdú ìdí ìkòkò, inú pẹ́ńsùlù, dáyámọ́ńdì, kábọ̀nù ni gbogbo wọn, bí àwọn átọ̀mù, ìyẹn ẹyọ tó kéré jù lára wọn, ṣe di ara wọn mú ló yàtọ̀. Mo máa ń fi han àwọn ọmọ kíláàsì mi, màá fi pẹ́ńsùlù kun bébà títí á fi máa dán, màá lẹ sẹ́lòtéèpù mọ́ ọn, màá fà á tu, dúdú á bá a wá, màá mú sẹ́lòtéèpù mìíì lẹ ojú dúdú yẹn, màá tún fà á, bẹ́ẹ̀ láá máa fẹ́lẹ́ sí i. Ohun tí Andre Geim àti Konstantin Novoselov ṣe ní Yunifásítì Manchester nìyẹn, wọ́n fà á títí ó fi ku ìpele kan ṣoṣo tó nípọn tó átọ̀mù kan, wọ́n kéde ẹ̀ lọ́dún 2004, wọ́n gba Nobel ní 2010. Graphene nìyẹn. C60 ti wà ṣáájú ẹ̀, ọdún 1985 ni Harold Kroto tó wá láti Yunifásítì Sussex, àti Robert Curl pẹ̀lú Richard Smalley ní Yunifásítì Rice ní Houston, rí i, átọ̀mù kábọ̀nù 60 tó so pọ̀ di róbótó, ojú ẹ̀ rí gẹ́lẹ́ bíi ti bọ́ọ̀lù aláwọ̀ dúdú àti funfun tá a ń gbá láyé ijọ́sí, onígun-márùn-ún 12, onígun-mẹ́fà 20. Ẹ ka bọ́ọ̀lù yẹn wò tí ẹ bá rí i. Fífẹ̀ ẹ̀ ò pé nánòmítà kan. Nobel tiwọn dé ní 1996. Nígbà tó di 1991, Sumio Iijima ní Jàpáàn fi maikirosikóòpù rí èyí tó ká bí ẹní, tó wá dà bíi páìpù, nanotube ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn, ìwà wọn ò sì jọra rárá, ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń rú àwọn èèyàn lójú gan-an nìyẹn.

Ẹ wò ó, lẹ́yìn tí ẹ̀gbọ́n mi dé láti ọsibítù lẹ́ẹ̀kejì ni mo jókòó ti fóònù, mo ń wá bóyá nǹkan wà tí àwọn dókítà lè fi máa rí hóró 4 yẹn kí wọ́n má bàa gé e. Ibẹ̀ ni mo ti rí ti Ṣáínà. Ó ti lé lọ́dún 10 tí wọ́n ti ń lò ó lọ́hùn-ún, ìjọba wọn fọwọ́ sí i. Omi dúdú kan ni, bíi yíǹkì, ẹyọ kábọ̀nù kéékèèké ló kún inú ẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan tó bíi nánòmítà 150. Tí oníṣẹ́ abẹ bá ti ṣí ọrùn, á fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ bín-ín-tín sínú ẹran gẹ̀gẹ̀ yẹn, á ní sùúrù fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Òpó ẹ̀jẹ̀ tó kéré jù nínú ara, àlàfo ara ẹ̀ ò ju nánòmítà 20 sí 50 lọ, 150 ò lè gba ibẹ̀ kọjá, ṣé ẹ rí i. Àmọ́ òpó kejì kan wà nínú ara tó máa ń gbé omi ara lọ sínú àwọn kókó, àwọn kókó tó máa ń wú lábẹ́ àgbọ̀n tàbí lábíyá tí egbò bá wà lára, àlàfo tiẹ̀ máa ń tó 120 sí 500. Ibẹ̀ ni yíǹkì yẹn máa ń gbà. Ẹran ọrùn yẹn á dúdú, àwọn kókó ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ á dúdú, tó bá sì jẹ́ jẹjẹrẹ ni wọ́n ń bá jà, àwọn kókó yẹn gan-an ni wọ́n ń wá kí wọ́n lè kó o kúrò. Hóró 4 yẹn ò sí lójú ọ̀nà omi yẹn, wọn ò ní dúdú. Wọ́n á dúró síbẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ tiwọn, pupa rúsúrúsú láàárín dúdú, ojú dókítà á rí wọn kedere, á yẹra fún wọn.

Mo ka ibẹ̀ tán mo gbé fóònù sílẹ̀, omi bọ́ lójú mi. Kì í ṣe pé yíǹkì yẹn jẹ́ iṣẹ́ ìyanu, ó lè ṣàn síbi tí wọn ò fẹ́ kó bo gbogbo ojú iṣẹ́, ọwọ́ tó mọṣẹ́ ló ń lò ó. Ohun tó dùn mí ni pé kábọ̀nù tí wọ́n wọn bí ó ṣe tóbi tó, tí wọ́n mọ ọ̀nà tó ń gbà àti ọ̀nà tí kò lè gbà, kò dé ọrùn ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ tí wọ́n nílò ẹ̀, èyí tó wá kàn wọ́n lára ni ti inú ìgò olóròóró tí ẹnikẹ́ni ò mọ orísun ẹ̀.

Ká wá sọ ti òróró yẹn náà, torí ìtàn ẹ̀ yẹ kí aráàlú mọ̀. Ní 2012 àwọn onímọ̀ kan tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Faransé gbé ìwé kan jáde, wọ́n po C60 mọ́ òróró ólífì, wọ́n fún àwọn eku láàbù, wọ́n ní àwọn eku yẹn pẹ́ láyé fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì àwọn tó mu omi. Eku 6 péré ló wà nínú ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan. Eku 6! Kíláàsì mi ò ní gbà kí n fi ọmọ 6 sọ bí gbogbo ilé ìwé ṣe rí. Àmọ́ ìròyìn yẹn ràn kárí ayé, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pò ó tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìgbà tí àwọn míì wá fara balẹ̀ dán an wò lára eku, tí èsì ẹ̀ jáde ní 2020, wọn ò rí ẹ̀mí gígùn kankan níbẹ̀, wọ́n tún rí i pé tí òróró yẹn bá rí ìmọ́lẹ̀, ó ń di májèlé, láàárín ọ̀sẹ̀ 2 péré àwọn eku kan ti ń kú.

Ìdí wà fún un. C60 máa ń gba ìmọ́lẹ̀ sára, á wá gbé agbára ìmọ́lẹ̀ yẹn fún ọ́síjìn tó wà nítòsí ẹ̀, ọ́síjìn yẹn á gbóná bí ẹni tí inú ń bí, á máa ba ohunkóhun tó bá kàn jẹ́. Ìwà yẹn kan náà ni àwọn onímọ̀ fẹ́ fi pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, pé kí wọ́n gbé e dé ibi tí jẹjẹrẹ wà kí wọ́n wá tan iná sí ibẹ̀ nìkan, iṣẹ́ láàbù ló ṣì jẹ́. Obìnrin tó ta ti ẹ̀gbọ́n mi, mo lọ bá a níbi tó ń pàtẹ sí. Ìgò funfun tó mọ́ gaara ló kó wọn sí, bíi 15, lórí tábìlì, nínú oòrùn ọ̀sán gangan, òróró inú ẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú ó ń dán. Mi ò mọ̀ bóyá C60 tilẹ̀ wà nínú ẹ̀. Tí kò bá sí níbẹ̀, olè ni. Tó bá wà níbẹ̀, ó burú ju olè lọ.

Nanotube wá jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀. Àwọn tó nípọn átọ̀mù kan máa ń tan ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ò lè rí, ìmọ́lẹ̀ yẹn sì ń la ẹran ara kọjá ju ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa ń rí lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dán an wò bóyá ó lè máa sọ ohun tó ń lọ nínú ara láìgé èèyàn. Ó dáa. Àmọ́ ní 2008 àwọn kan ní Edinburgh fi àwọn nanotube tó gùn, tó le gbagidi, sínú ikùn eku, ibẹ̀ wú, ó ṣe egbò kókókókó, gẹ́lẹ́ bí asbestos ṣe máa ń ṣe, asbestos tí wọ́n fi ń ṣe síìlìǹgì ilé àtijọ́ yẹn. Àwọn tó kúrú, tó ká kókó bí òwú, wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 2014 ẹ̀ka àjọ ìlera àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ fi irú kan nínú wọn, MWCNT-7, sára àwọn ohun tó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ. Ẹ wo bí gígùn nìkan ṣe yí ọ̀rọ̀ padà, ohun kan náà, átọ̀mù kan náà. Ẹ̀yin tí ẹ bá rí "nanotube" lára ìpara tàbí oògùn, ẹ bi wọ́n pé ó gùn tó báwo.

Èmi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kà á kó wá máa sá fún nánò o, torí irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Ní 2021 nígbà tí abẹ́rẹ́ kòrónà dé, orí WhatsApp gbóná pé graphene ni wọ́n fi sínú ẹ̀, pé irin á máa lẹ̀ mọ́ èèyàn lápá, olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tó jẹ́ ẹni tó kàwé fi ṣíbí há ara ẹ̀ lápá níwájú wa. Àwọn tó ṣe abẹ́rẹ́ wọ̀nyẹn kọ ohun tó wà nínú ẹ̀ síta, graphene ò sí níbẹ̀. Graphene fúnra ẹ̀ ò sì lè fa ṣíbí mọ́ra. Ní 2024, ní ọsibítù Salford Royal lẹ́gbẹ̀ẹ́ Manchester, wọ́n gbé pálábá kékeré kan tó fẹ́lẹ́, tí wọ́n fi graphene ṣe, lé orí ọpọlọ ẹni tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ abẹ kókó ọpọlọ fún, kó lè máa gbọ́ iná kékeré tí ọpọlọ fi ń sọ̀rọ̀. Ìyẹn ṣe kedere, ẹni tó gbà láti ṣe é mọ ohun tó gbà, gbogbo ayé sì mọ̀.

Èyí tó tiẹ̀ wù mí jù fún àwa níbí ni ti dáyámọ́ńdì. Ẹ mọ ilà pupa tó máa ń yọ lójú páálí tẹ́ẹ̀sì oyún tàbí ti kòrónà? Góòlù ni o, góòlù tó kéré débi nánò. Ní 2020 àwọn onímọ̀ ní University College London fi dáyámọ́ńdì tó kéré bẹ́ẹ̀ rọ́pò góòlù yẹn, dáyámọ́ńdì tó ń tàn, tí wọ́n lè mú kó máa ṣẹ́jú kí wọ́n lè yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ìmọ́lẹ̀ tí páálí fúnra ẹ̀ ń tàn. Wọ́n ní ó rí nǹkan ní ìlọ́po 100,000 ju góòlù lọ, wọ́n sì fi rí àmì kòkòrò HIV nígbà tó ṣì kéré gan-an. Ẹ rò ó wò ní ìlú tí èèyàn gbọ́dọ̀ wọ mọ́tò wákàtí 2 kó tó dé ibi tí ẹ̀rọ tó dáa wà. Kò tíì dé ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì o, mo ń sọ ọ́ kí ẹ lè mọ ibi tí nǹkan ń lọ.

Ohun tí mo wá ń bẹ̀ yín fún nìyí. Kí ẹ tó gba owó ìpolówó ẹnikẹ́ni tó ń ta oògùn nánò, ẹ bi í ní nọ́ńbà NAFDAC, ẹ wò ó bóyá ti òun ni lóòótọ́, ẹ bi í pé ara ta ni wọ́n ti dán an wò, eku ni àbí èèyàn, mélòó. Tí kò bá lè dáhùn, ẹ dá owó ẹ̀ padà. Mo mọ̀ pé owó bébà ti wọ́n, mo mọ̀ pé ìpolówó ló ń gbé yín dúró, mi ò sọ ọ́ bí ẹni tí kò mọ ìnira yín. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ka ìwé ìròyìn Yorùbá, àgbà ló pọ̀ níbẹ̀, àwọn tí ara ń ro, wọ́n sì gbà pé ohun tí ẹ bá tẹ̀, òótọ́ ni.

Ẹ tún fún wa ní ojú ewé kan, lẹ́ẹ̀kan lóṣù pàápàá, fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní èdè wa. Àwọn èèyàn wà nílé tó lè kọ ọ́. Ní LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́, ẹgbẹ́ onímọ̀ kan wà níbẹ̀ tó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi èèpo obì, èèpo kòkó, títí kan òwú aláǹtakùn, ṣe ẹyọ fàdákà oníwọ̀n nánò, fàdákà ni tiwọn kì í ṣe kábọ̀nù, àmọ́ wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n, wọ́n mọ ìbéèrè tó yẹ kéèyàn bi ẹni tó bá ń tà á. Ẹ lọ bá wọn. Èmi náà ṣe tán láti kọ, mi ò ní gba kọ́bọ̀.

Ìgò ₦38,000 yẹn wà lọ́dọ̀ mi báyìí, mo ti wé e sínú ọ̀rá dúdú, mo tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù láàbù ilé ìwé. Ẹ̀gbọ́n mi ti padà sórí calcium wọn, ọwọ́ wọn ti nà, wọ́n tún ti ń ṣa ẹ̀wà. Mo fi fọ́tò ọrùn tí wọ́n fa yíǹkì Ṣáínà yẹn sí hàn wọ́n lórí fóònù mi, wọ́n wò ó títí, wọ́n fi ọwọ́ kan ojú àpá ọrùn tiwọn, wọ́n ní ọmọbìnrin àwọn kejì, gẹ̀gẹ̀ ti ń yọ lọ́rùn òun náà, ṣé yíǹkì dúdú yìí ti dé ọsibítù kankan nílé wa níbí? Mi ò mọ èsì tí mo lè fún wọn. Tí oníṣẹ́ abẹ ọrùn kan bá ń ka lẹ́tà yìí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ dá wa lóhùn nínú ìwé ìròyìn yìí, a ó máa wò ó ní gbogbo ọ̀sẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ kẹ́mísìrì kan,
Òṣogbo.